Ọ̀pá Ìgbáròkó Tí Wọ́n Fi Sìmẹ́ńtì Dè: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Bí Ìrísí Rẹ̀ Ṣe Ń Pinnu Bó Ṣe Máa Pẹ́ Tó

Bí wọ́n bá sọ fún ẹbí kan pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ ìgbáròkó Màmá, ohun méjì ni wọ́n sábà máa ń béèrè: èló ni, àti ìgbà wo ni Màmá máa padà rìn. Ìbéèrè kẹta kì í jáde lẹ́nu ẹnikẹ́ni, ìyẹn ni pé irú ọ̀pá wo lẹ fẹ́ kì bọ itan wọn? Ó yẹ kó jáde. Ọ̀pá méjì tí ojú lásán kò lè fi ìyàtọ̀ sí lè wọ inú itan ènìyàn méjì lọ́jọ́ kan náà, kí ọ̀kan wà níbẹ̀ títí ogún ọdún, kí èkejì ti máa mì bí eyín kí ọdún mẹ́wàá tó pé. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ ṣàlàyé níbí.

Kí ni ọ̀pá yìí gan-an?

Orí egungun itan rí roboto, ó sì ń yí nínú ihò kan lára egungun ìbàdí. Bí oríkèé yìí bá ti jẹ tán, tàbí tí ọrùn egungun itan bá ṣẹ́, oníṣẹ́ abẹ á gé orí náà kúrò, á fi ife tuntun sínú ihò ìbàdí, á wá ki ọ̀pá irin kan bọ àárín egungun itan, níbi tí mùdùnmúdùn ń gbé. Bọ́ọ̀lù tó ń yí nínú ife náà, orí ọ̀pá yìí ló ń jókòó sí.

Ọ̀pá náà kò tóbi. Èyí tí wọ́n ń pè ní Exeter, tó wọ́pọ̀ jù nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gùn tó mìlímítà 150, kò sì nípọn ju ìka ọwọ́ lọ níbi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Síbẹ̀, bí ènìyàn bá ń rìn lásán, ẹrù tó ń gun ìgbáròkó rẹ̀ máa ń ju ìlọ́po méjì ìwọ̀n ara rẹ̀ lọ. Bó bá kọsẹ̀, ó tún ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Gbogbo ẹrù yẹn, ara ọ̀pá yẹn ló ń gbà kọjá sínú sìmẹ́ńtì, kó tó dé egungun.

Ṣé sìmẹ́ńtì tí wọ́n fi ń kọ́lé náà ni?

Rárá o. Irú ike tí wọ́n fi ń ṣe eyín àtọwọ́dá ni. Ìyẹ̀fun kan wà, omi kan wà; wọ́n á po méjèèjì pọ̀ nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, á kọ́kọ́ rọ̀ bí ẹ̀kọ, á gbóná, á sì le kí wákàtí kan tó pé rárá. John Charnley, oníṣẹ́ abẹ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, ló sọ lílò rẹ̀ nínú ìgbáròkó di nǹkan gidi láti òpin àwọn ọdún 1950. Nílé ìwòsàn Wrightington ní Lancashire, ní oṣù kọkànlá ọdún 1962, ó bẹ̀rẹ̀ sí í so ó pọ̀ mọ́ bọ́ọ̀lù irin kékeré àti ife ike líle. Ibẹ̀ ni ìgbáròkó òde òní ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun méjì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ nípa sìmẹ́ńtì yìí, torí wọ́n máa tún yọjú nísàlẹ̀. Èkíní, kì í ṣe gọ́ọ̀mù. Kò lẹ̀ mọ́ egungun. Ńṣe ló ń wọnú àwọn ihò wẹ́wẹ́ ara egungun, tó sì ń di ibẹ̀ mú bí ìgbà tí bíríkìlà bá fi àpòpọ̀ dí àlàfo ara ògiri. Èkejì, bó tilẹ̀ le, ó máa ń tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ ẹrù. Àga ike tí ènìyàn sanra ti jókòó lé fún ọdún mẹ́ta, ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀, kò ní dúró bó ṣe dúró lọ́jọ́ tí wọ́n rà á. Ìwà sìmẹ́ńtì nìyẹn lára ènìyàn, àmọ́ ó rọra ju ti àga lọ.

Ọ̀nà mélòó ni wọ́n ń gbà ṣe ọ̀pá náà?

Bí mo bá yọ àwọn ẹ̀ka wẹ́wẹ́ kúrò, méjì péré ni. Bí èyí bá yé yín, ìyókù rọrùn.

Ẹ rántí àáké tí àwọn alágbẹ̀dẹ wa ń rọ. Ìdí irin rẹ̀ máa ń tín-ín-rín lọ sí ìsàlẹ̀, wọ́n á sì ki ìdí náà bọ ihò tó wà lórí ẹ̀rú. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, wọn kì í kàn án ní ìṣó. Bí ẹ bá ṣe ń la igi tó ni irin náà ń rì wọnú ẹ̀rú tó, bó sì ṣe ń rì ló ń le sí i. Ọ̀nà kìíní nìyẹn. Ọ̀pá náà tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, ara rẹ̀ ń dán bíi dígí, kò sì ní etí tó máa gbé e dúró lórí egungun. Bí aláìsàn bá ti ń tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ọ̀pá á rì díẹ̀, á fún sìmẹ́ńtì mọ́ ara egungun yíká, gbogbo rẹ̀ á sì wá le pa pọ̀.

Ẹ tún wo òpó kọnkéré. Irin tí wọ́n ń kì sínú rẹ̀ kì í dán. Ó ní kókó-kókó lára kí kọnkéré lè dì í mú, torí a kò fẹ́ kí irin náà yẹ̀ rárá. A fẹ́ kí irin àti kọnkéré di ohun kan ṣoṣo. Ọ̀nà kejì nìyẹn: ọ̀pá tí ara rẹ̀ kò dán, tí ìrísí rẹ̀ tẹ̀ tàbí ní etí tàbí ní ilà lára, kó lè dúró ṣinṣin síbi tí wọ́n fi í sí lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ.

Ọ̀nà méjèèjì dára. Ibi tí wàhálà ti ń wá ni kí wọ́n mú ìrísí ti ọ̀nà kan, kí wọ́n wá fi ara ti ọ̀nà kejì bò ó.

Ọ̀pá tó ń rì! Ṣé èyí kì í ṣe pé ó ti bàjẹ́ ni?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ti fòyà nítorí èyí nígbà tí wọ́n rí àwòrán X-ray ọdún kejì. Fún ọ̀pá tó dán, tó tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀, rírì tó nǹkan bíi mìlímítà kan tàbí díẹ̀ lé láàárín ọdún méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ara iṣẹ́ rẹ̀. Ohun tí dókítà ń wò ni bóyá rírì náà ti dẹwọ́. Kódà wọ́n máa ń fi fìlà kékeré kan tó ṣófo dé ìdí ọ̀pá náà kí sìmẹ́ńtì má baà kún ibẹ̀. Bí ibẹ̀ bá kún, ìdí ọ̀pá á gúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, kò ní rí àyè rì, ẹ̀rú kò sì ní di àáké mú.

Bó bá jẹ́ ọ̀pá onírú òpó kọnkéré ló rì tó bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ti yàtọ̀ pátápátá. Ìyẹn ti ń tú. Mìlímítà kan náà, fọ́tò kan náà, ìtumọ̀ méjì: ìdí nìyí tí orúkọ ọ̀pá fi gbọ́dọ̀ wà lọ́wọ́ ẹni tó ń wo X-ray.

Ṣé dídán tàbí àìdán ara irin lásán lè fa ìyàtọ̀ tó tó bẹ́ẹ̀?

Ìtàn kan wà tó fi èyí hàn kedere, mo sì fẹ́ dúró lórí rẹ̀ díẹ̀.

Ní ọdún 1970, nílùú Exeter ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, oníṣẹ́ abẹ kan tó ń jẹ́ Robin Ling àti onímọ̀ ẹ̀rọ kan ní yunifásítì ìlú náà, Clive Lee, gbé ọ̀pá tuntun jáde. Ó tín-ín-rín lọ sísàlẹ̀ láti iwájú àti láti ẹ̀gbẹ́, kò ní etí, ara rẹ̀ sì ń dán gbinrin. Ó ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ irin ìgbà náà kò fi bẹ́ẹ̀ lágbára, àwọn kan nínú ọ̀pá náà sì kán.

Nígbà tó di 1976, wọ́n fi irin tó lágbára jù rọ́pò. Lásìkò yẹn kan náà ni dídán ara rẹ̀ lọ. Ọ̀pá tuntun náà jáde pẹ̀lú ara tí kò dán mọ́. Kò sẹ́ni tó rò pé ìyẹn jẹ́ nǹkan, ojú lásán kò tilẹ̀ fi bẹ́ẹ̀ rí i. Ìyàtọ̀ náà kò tó sísanra irun orí kan. Ìrísí ṣì jọ ti tẹ́lẹ̀, sìmẹ́ńtì kan náà, ilé ìwòsàn kan náà, ọwọ́ àwọn kan náà.

Ọdún bíi mélòó kan kọjá, àwọn ọ̀pá tí kò dán bẹ̀rẹ̀ sí í tú, egungun tó yí wọn ká sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Àwọn ti ìṣáájú tó dán, tí wọ́n ti dàgbà jù wọ́n lọ, ṣì jókòó síbi tí wọ́n wà. Ní 1986, wọ́n dá dídán padà. Láti ìgbà náà, ọ̀pá Exeter wà lára àwọn tí ìwé àkọsílẹ̀ orílẹ̀-èdè púpọ̀ ń jẹ́rìí sí jù ní ti àìtètè tú.

Kí ló fà á? Ìrísí ọ̀pá náà ń sọ fún un pé kó rì. Ara tí kò dán ń sọ fún un pé kó dúró. Nígbà tí ẹrù pọ̀, ó rì náà, àmọ́ ńṣe ló ń rin sìmẹ́ńtì bí ẹni ń rin ẹ̀gẹ́. Lẹ́búlẹ́bú sìmẹ́ńtì àti irin á wá máa jábọ́ sínú àlàfo, omi ara á gbé e lọ sísàlẹ̀, àwọn ọmọ ogun ara á bá a jà, egungun ni wọ́n á sì máa jẹ níbi ìjà náà. Ọ̀pá tó dán kò rí nǹkan rin. Bó ṣe ń rì, ó tún ń dí ojú ọ̀nà omi náà pa.

Ìtàn yìí máa ń dùn mí láyà, torí kò sí aṣebi kankan nínú rẹ̀. Ohun tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ni aláìsàn fi ara san.

Tó bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé ká kọ gbogbo ọ̀pá tí kò dán?

Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Lubinus SP II, tí ilé iṣẹ́ Waldemar Link ní Hamburg, Jámánì, ń ṣe, kò dán, ó sì wà lára àwọn tó ṣe dáadáa jù ní Sweden láti ọ̀pọ̀ ọdún. Ó tẹ̀ bí egungun itan fúnra rẹ̀ ṣe tẹ̀, nítorí náà ti òsì yàtọ̀ sí ti ọ̀tún. Títẹ̀ yẹn ń jẹ́ kó wà láàárín sìmẹ́ńtì láìfara kan egungun, kì í sì í jẹ́ kó yí nígbà tí ènìyàn bá ń dìde lórí àga tàbí gun àtẹ̀gùn. Òpó kọnkéré pọ́ńbélé ni. Ìrísí rẹ̀ àti ara rẹ̀ sọ ohun kan náà.

Ọ̀pá tó jọ èyí tó dára, ṣé kò ní dára?

Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti san owó ẹ̀kọ́ yìí. Láti 1991, ilé iṣẹ́ 3M ń ta ọ̀pá kan tó ń jẹ́ Capital. Wọ́n ṣe é kó jọ ti Charnley, ó sì dínwó. Àwọn aláìsàn tó gbà á ju 4,000 lọ. Ní 1998, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ohun èlò ìwòsàn kéde ìkìlọ̀ pé ó ń tú ṣáájú àkókò, wọ́n sì ní kí àwọn ilé ìwòsàn wá àwọn tó wà lára wọn rí. Irin àwọn kan nínú wọn kì í ṣe irú ti Charnley, àwọn ìyàtọ̀ mìíràn sì wà lára ìrísí rẹ̀. Ìjọra kò tó. Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé “ó jọ Exeter gan-an, ó kàn dínwó ni,” ẹ béèrè pé ta ló ti tẹ̀ lé e fún ọdún mẹ́wàá.

Irin wo ló dára jù?

Fún ọ̀pá onísìmẹ́ńtì, irin tí kì í dípẹtà tó lágbára tàbí àdàlù cobalt àti chromium. Titanium dára fún ọ̀pá tí kò lo sìmẹ́ńtì, àmọ́ ó máa ń tẹ̀ ju àwọn yìí lọ, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì. Bó bá ń tẹ̀ báyẹn nínú sìmẹ́ńtì, sìmẹ́ńtì ló ń jìyà rẹ̀. Inú àlàfo tóóró tí afẹ́fẹ́ kò dé sì ni ara titanium ti máa ń jẹ. Èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ọ̀pá titanium onísìmẹ́ńtì kò pẹ́.

Báwo ni sìmẹ́ńtì ṣe yẹ kó nípọn tó?

Ìlànà tó gbajúmọ̀ ni mìlímítà méjì, ó kéré tán, yíká ọ̀pá. Ṣùgbọ́n àwọn Faransé ní ọ̀nà tiwọn: ọ̀pá Charnley-Kerboull máa ń kún inú egungun débi tí sìmẹ́ńtì fi tín-ín-rín gan-an lára rẹ̀, ó sì ń pẹ́. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní àdììtú Faransé. Bí ọ̀pá bá ti kún àárín egungun líle, egungun fúnra rẹ̀ ló ń gbé e, sìmẹ́ńtì kàn ń dí àlàfo ni. Ẹ má wá mú ọ̀pá tóóró kí ẹ fi sìmẹ́ńtì fẹ́ẹ́rẹ́ bò ó, kí ẹ ní ẹ̀ ń ṣe bíi Faransé.

Ọ̀pá tó dán kò wá ní àléébù kankan?

Ó ní, ó sì wúwo. Ẹ padà sọ́dọ̀ àáké. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ̀rú nígbà tó bá gbó, tí ẹ wá fi agbára sọ àáké mọ́ òkúta? Ẹ̀rú á là.

Ìyá arúgbó tí egungun rẹ̀ ti fẹ́lẹ́, bó bá ṣubú sórí ìgbáròkó tí ọ̀pá tó dán wà nínú rẹ̀, ọ̀pá náà á rì lẹ́ẹ̀kan náà bí irin tí wọ́n fi ń la igi, egungun itan á sì là láti òkè lọ sísàlẹ̀, nígbà mìíràn sí wẹ́wẹ́. Àkọsílẹ̀ àwọn ará Sweden fi hàn pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pá tó dán ju bó ṣe ń ṣẹlẹ̀ sí Lubinus lọ. Láàárín àwọn tó dán pàápàá, wọn kò dọ́gba: CPT ti ilé iṣẹ́ Zimmer, tí wọ́n fi cobalt àti chromium ṣe, ń la egungun ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Ní 2024, àjọ FDA, tó ń bójú tó oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, gba àwọn oníṣẹ́ abẹ nímọ̀ràn pé kí wọ́n má lò ó mọ́ bí òmíràn bá wà, ilé iṣẹ́ náà sì pinnu láti dáwọ́ títà rẹ̀ dúró.

Nítorí náà, ohun kan náà tí kò jẹ́ kó tètè tú ló tún lè fọ́ egungun. Fún ẹni ọgọ́ta ọdún tí egungun rẹ̀ ṣì le, tó sì ní ogún ọdún níwájú láti rìn, títú ni mo máa bẹ̀rù jù, màá sì fọkàn tán ọ̀pá tó dán. Fún ìyá ẹni ọdún márùndínláàádọ́rùn-ún tó ṣubú nínú ilé ìwẹ̀, tó sì tún lè ṣubú, fífọ́ egungun ló yẹ kó ká wa lára. Èrò tèmi nìyẹn; àwọn oníṣẹ́ abẹ fúnra wọn ṣì ń jiyàn lé e lórí.

Kí ni gígùn àti fífẹ̀ ọrùn ọ̀pá jẹ́ sí wa?

Ó jẹ́ sí ìrìn. Bí ọrùn ọ̀pá ṣe yọ síta tó ló ń pinnu bí iṣan ẹ̀gbẹ́ ìdí ṣe máa le tó. Bó bá kúrú jù, iṣan á dẹ̀, aláìsàn á máa tiro, bọ́ọ̀lù sì lè yọ jáde nínú ife. Bó bá yọ jù, ẹ̀gbẹ́ itan á máa dun ni. Ìdí nìyí tí Exeter fi ní ìwọ̀n mìlímítà 37.5, 44 àti 50, pẹ̀lú àwọn kékeré fún àwọn tí egungun wọn tín-ín-rín. Ẹ bá mi béèrè bóyá gbogbo ìwọ̀n náà wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbé èèyàn yín wọlé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ ọ̀pá tó ń pẹ́?

Wọ́n ń kọ ọ́ sílẹ̀. Sweden bẹ̀rẹ̀ ìwé àkọsílẹ̀ ìgbáròkó ní 1979, Norway ní 1987, England àti Wales ní 2003. Gbogbo ọ̀pá tó wọlé, wọ́n kọ ọ́; gbogbo èyí tó jáde, wọ́n kọ ọ́. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ ló tú àṣírí sìmẹ́ńtì kan tó ń jẹ́ Boneloc ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, tó ń jẹ́ kí ọ̀pá tó dára pàápàá tú. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2014, wọ́n ń retí pé lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, èyí tí wọ́n máa tún ṣe kò gbọdọ̀ ju márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ.

Ọmọ wa tó ní fòníkú-fọ̀ladìde ńkọ́?

Ní Nàìjíríà, ìbéèrè yìí kì í ṣe kékeré, torí àwọn ọ̀dọ́ tí ẹ̀jẹ̀ wọn jẹ́ SS wà lára àwọn tí orí egungun itan wọn ń kú jù nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò dé ibẹ̀. Àárín egungun wọn máa ń le, ó sì máa ń dí níbì kan. Sìmẹ́ńtì nílò ihò wẹ́wẹ́ tó máa wọ̀. Bí kò bá rí i, ìrísí ọ̀pá yòówù kó dára tó, kò sí ohun tó dì mú. Ìyẹn, pẹ̀lú pé wọ́n ṣì kéré lọ́jọ́ orí, ló ń mú kí ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ abẹ yan ọ̀pá tí kò lo sìmẹ́ńtì fún wọn.

Bó bá di pé wọ́n máa tún un ṣe, ṣé ìrísí ọ̀pá ṣì já mọ́ nǹkan?

Gan-an ni. Ọ̀pá tó dán kò lẹ̀ mọ́ sìmẹ́ńtì, nítorí náà oníṣẹ́ abẹ lè fi òòlù lu u jáde bí ẹni ń yọ irin àáké lórí ẹ̀rú. Bí sìmẹ́ńtì àtijọ́ bá ṣì di egungun mú, tí kò sì sí kòkòrò àrùn níbẹ̀, ó lè po sìmẹ́ńtì tuntun díẹ̀ sínú ti àtijọ́, kó sì ki ọ̀pá tó kéré jù bọ̀ ọ́. Ti òpó kọnkéré kì í rọrùn báyẹn; wọ́n lè ní láti gbẹ́ gbogbo sìmẹ́ńtì náà kúrò díẹ̀díẹ̀, nígbà mìíràn kí wọ́n la egungun kí ọwọ́ tó tó o.

Oníṣẹ́ abẹ tó máa ṣe èyí lè má tíì di dókítà lónìí, ó sì lè wà nílùú mìíràn. Lára páálí tí ọ̀pá bá wọlé, bébà alálẹ̀mọ́ kan máa ń wà tó ní orúkọ rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ àti nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n lẹ ọ̀kan mọ́ fáìlì ilé ìwòsàn, kí wọ́n fún yín ní ọ̀kan, kí ẹ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù ọmọ méjì, ó kéré tán, nínú ẹbí.